Ọmọ tí gègé bí: Bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń kó sínú ìfẹ́ ẹ̀dá inú ìtàn wọn

Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin náà ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́ ni kí wọ́n máa pe òun, nítorí òun kò fẹ́ kí aráyé mọ orúkọ òun gan-an. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀, ẹwà tó fi ń da orí ọkùnrin rú nígbà èwe rẹ̀ sì ti ṣá. Ó ní ohun tó kù fún òun kò ju pé kí òun jẹ́wọ́ gbogbo ìgbé ayé òun pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ní ìlú Èkó, kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Lẹ́tà ń gorí lẹ́tà títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé ránṣẹ́. Àwọn kan ń káàánú obìnrin náà, àwọn mìíràn sì ń ro ó lọ́kàn pé ta ni ó lè jẹ́ nínú àwọn arẹwà Èkó àtijọ́. Òǹkàwé kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun fún un.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá. Isaac Babalọlá Thomas, ọkùnrin tó dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1928, tó sì jẹ́ olóòtú rẹ̀, ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sì kó àwọn lẹ́tà náà jọ di ìwé ní ọdún 1930, ìtàn ìgbésí ayé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣì pè é. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ló gbà lónìí pé ìwé yìí ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Àwọn lẹ́tà náà ní ẹ̀kọ́ ìwà rere ni àwọn fẹ́ kọ́ ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà wọ́n yóò rí i pé olóòtú náà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú obìnrin tó ń bá wí. Ó fi orin sí i lẹ́nu, ó fún un ní ẹ̀rín, ó fún un ní omijé, ó sì jẹ́ kó máa rántí ìgbádùn ayé rẹ̀ bí ẹni tí adùn náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìwàásù ló fẹ́ ṣe, ènìyàn ló bí. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn Thomas sì ni Sẹ̀gilọlá wà ní gbogbo oṣù wọ̀nyí.

Kí ló ń fa irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí kò kọ ìtàn rí lè rò pé àsọdùn ni, pé báwo ni ènìyàn ṣe lè fẹ́ràn ẹni tí kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ gidi gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń rìn, ohun tó ń bà á lẹ́rù lóru, irọ́ tó máa ń pa nígbà tí ojú bá ń tì í. Fún oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn fún ọdún márùn-ún, òun àti ẹni náà ni wọ́n jọ ń jí, tí wọ́n jọ ń sùn. Òǹkọ̀wé lè má mọ orúkọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀, kó sì mọ gbogbo àṣírí ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ ayé yìí rí. Ibi tí ènìyàn bá ti mọ ẹlòmíràn dé ìsàlẹ̀ ikùn bẹ́ẹ̀, àfi kó fẹ́ràn rẹ̀ tàbí kó kórìíra rẹ̀.

Ìfẹ́ náà kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé ìfẹ́ òbí sí ọmọ ni. Fún àwọn mìíràn, ọ̀rẹ́ tí wọn kò rí láyé ni wọ́n fi gègé wá. Ó sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí ọkùnrin ṣe ń fẹ́ obìnrin ni. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ìtàn kan lórí èyí, tí Ovid, akéwì ará Róòmù, kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ní agbẹ́gilére kan wà ní erékùṣù Cyprus, Pygmalion ni orúkọ rẹ̀. Ó fi eyín erin gbẹ́ ère obìnrin, ère náà sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń fún un ní ẹ̀bùn, tó ń wọ aṣọ fún un, tó sì ń tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Nígbà tó yá, ó gbàdúrà sí òrìṣà ìfẹ́ wọn, ère náà sì di ènìyàn, ó sì fi í ṣe aya.

Ẹ̀kọ́ láti ìdí igi ní Ìlá-Ọ̀ràngún

Ìtàn Pygmalion yìí kò lè ya ará Ìlá-Ọ̀ràngún lẹ́nu. Ní gbogbo Ìgbómìnà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá títí dé Ọ̀rà, wọ́n mọ̀ pé igi lè di ẹni tí wọ́n ń fẹ́ràn. Ìlú agbẹ́gilére ni Ìlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí olóògbé Làmídì Fákẹ́yẹ, tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, lẹ́yìn tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé. Ìran agbẹ́gilére ni ìran rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Aréògùn ará Ọ̀sì. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1987.

Nínú gbogbo ohun tí irú àwọn agbẹ́gilére bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ́, kò sí èyí tó fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yìí hàn tó ère ìbejì. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú, àwọn òbí yóò lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn yóò tọ agbẹ́gilére lọ. Agbẹ́gilére kò ní gbẹ́ ojú ìkókó tó lọ. Ojú àgbà ni yóò gbẹ́, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú, bí ẹni tó ti gbó, tó ti tọ́. Bó bá parí, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò fún un ní oúnjẹ, yóò sì gbé ère náà lé ìyá lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ni. Ìyá yóò wẹ̀ ẹ́, yóò fi osùn kùn ún, yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Bó bá ń fún èyí tó wà láàyè ní oúnjẹ, yóò fi ti èkejì sí i lẹ́nu. Ẹ wo àwọn ère ìbejì àtijọ́ dáadáa: ojú púpọ̀ nínú wọn ti dán, imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ìyá ni.

Níbi yìí ni Yorùbá ti yàtọ̀ sí Gíríìkì. Pygmalion gbẹ́ ère, ó sì fi í pa mọ́ fún ara rẹ̀. Agbẹ́gilére Ìlá gbẹ́ tirẹ̀, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ère ti jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ni ó ti di ọmọ. Ọ̀nà kan náà ni ìwé ń gbà. Òǹkọ̀wé lè fẹ́ràn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ títí, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò gbé e lé òǹkàwé lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń rí i ṣe wẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn kì í rí i ṣe.

Akàrà-ògùn lọ, ó tún padà wá

Olóògbé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, fi ọgbọ́n gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938, kò sọ pé òun ló ro ìtàn náà. Ó ní ọkùnrin arúgbó kan ló wọlé tọ òun wá, tó ní kí òun mú ìwé àti gègé, kí òun sì máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Akàrà-ògùn ni arúgbó náà, akọ̀wé lásán sì ni Fágúnwà sọ ara rẹ̀ dà. Nígbà tí ìtàn parí, àlejò náà bá tirẹ̀ lọ.

Ṣé ó wá parí síbẹ̀ ni? Rárá o. Nígbà tí Igbó Olódùmarè jáde ní ọdún 1949, Akàrà-ògùn tún ti padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-ayé, ni ó ń sọ. Òǹkọ̀wé tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ti tán lọ́kàn rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé bàbá rẹ̀ lọ. Bí ọkùnrin bá fẹ́ràn obìnrin ni ó máa ń fẹ́ mọ àwọn òbí rẹ̀. Ó jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fágúnwà nìyẹn: ó ti gbọ́ tẹnu ọmọ, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún fẹ́ gbọ́ ti bàbá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olóògbé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Ní ọdún 1969, ó gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, níbi tí Lápàdé, ọkùnrin tó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Lápàdé kì í ṣe ẹni mímọ́. Alágídí ni, bó ṣe wù ú ló ń ṣe, kì í sì í tẹ́tí sí ìkìlọ̀. Síbẹ̀, ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, nínú Àgbàlagbà Akàn, Lápàdé náà ni Òkédìjí tún gbé wá. Bí ènìyàn bá ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún sọ, kò rọrùn láti dágbére fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ tí bàbá fẹ́ pa, tí aráyé kò jẹ́

Kì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ni ìfẹ́ yìí máa ń dùn mọ́ nínú títí dé òpin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Conan Doyle, tó jẹ́ dókítà, dá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń jẹ́ Sherlock Holmes. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn Holmes débi pé Doyle kò rí àyè kọ àwọn ìtàn mìíràn tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó pinnu láti pa á. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, ó sì dá ọwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1893, ó pa á lóòótọ́. Ìbínú àwọn òǹkàwé pọ̀ gan-an, àwọn kan kò san owó ìwé ìròyìn tí ìtàn náà ń jáde nínú rẹ̀ mọ́. Doyle mú ara le, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1903, ó jí Holmes dìde, ó ní kò kú tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí bàbá ti ń sá fún, aráyé ló gbé e padà sílé.

Ní Ọ̀ṣun níbí, àwọn àgbà rántí bí orúkọ ẹ̀dá eré ṣe lè gbé orúkọ ẹni tó dá a mì. Olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà tó kú ní ọdún 2018, ló dá Baba Sálà, ahun bàbá tí ọgbọ́n rẹ̀ máa ń ta bá a. Òun ló ń ronú eré, òun náà ló ń ṣe é. Nígbà tó pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Moses Ọláìyá mọ́. Lójú pópó, lórí tẹlifíṣọ̀n, àti nígbà tí wọ́n ń kéde ikú rẹ̀, Baba Sálà ni. Àfọwọ́dá ti di ẹni, ẹni tó dá a sì ti wọ inú rẹ̀ lọ.

Ewu tó wà nínú ìkẹ́jù

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ló ti fi ìkẹ́ ba ìtàn wọn jẹ́. Wọ́n fẹ́ràn akọni wọn débi pé wọn kò fẹ́ kí ẹ̀gún gún un. Bó bá sọ̀rọ̀, òtítọ́ ni. Bó bá jà, ó borí. Bó bá rí obìnrin, obìnrin náà yóò ṣubú lé e. Kó tó di ojú ewé ogún, òǹkàwé yóò ti máa yán, nítorí kò sí ẹni tó ń káàánú ẹni tí nǹkan kan kò lè ṣe. Àkẹ́bàjẹ́ ni irú ẹ̀dá ìtàn bẹ́ẹ̀, òbí rẹ̀ nìkan ló sì lè fara dà á.

Ìfẹ́ tó gbó a máa jẹ́ kí ọmọ rí ayé bí ayé ṣe rí. Òkédìjí tí kò lè fi Lápàdé sílẹ̀ náà ló kọ eré Rẹ́rẹ́ Rún ní ọdún 1973. Láwúwo, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, ni akọni ibẹ̀. Òǹkàwé rí i pé ẹni tó kọ eré náà ń káàánú ọkùnrin yìí láti ọkàn wá, síbẹ̀ kò fi ọwọ́ di àjálù mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Eré náà parí sí ìbànújẹ́, nítorí pé bí nǹkan ṣe ń rí fún irú Láwúwo láwùjọ nìyẹn. Ká ní ó yọ ọ́, irọ́ ni ìbá pa.

Kì í ṣe pé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ rọrùn. Charles Dickens, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìtàn ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Nell, tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní ọdún 1840 àti 1841. Nígbà tí àwọn òǹkàwé fura pé ọmọ náà yóò kú, wọ́n ń kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a sí. Dickens fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà bí ikú náà ṣe dun òun tó, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Gustave Flaubert ti ilẹ̀ Faransé sọ pé nígbà tí òun ń kọ bí Emma Bovary ṣe gbé májèlé jẹ, òun ń tọ́ májèlé náà wò lẹ́nu ara òun, òun sì bì. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò kórìíra ọmọ tó bí. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìtàn náà ju ti òun nìkan lọ.

Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbà á

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo ilé ni pé ìfẹ́ òǹkọ̀wé nìkan kò tó láti mú ẹ̀dá ìtàn wà láàyè. Òǹkọ̀wé yóò kú. Thomas ti lọ, Fágúnwà ti lọ láti ọdún 1963, Òkédìjí ti lọ ní ọdún 2019. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ka ìwé wọn, wọn yóò kó ọmọ wọn dání lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sẹ̀gilọlá. Obìnrin tí gbogbo òǹkàwé Akéde Èkó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ di ẹni ìgbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi láàárín àwọn onímọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 2012 ni Karin Barber, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbé ní Òkukù ní Ọ̀ṣun yìí kan náà, tó sì gbọ́ Yorùbá yékéyéké, tún tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò ló padà wá jí ọmọ wa dìde. Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ojú tì wá díẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ère ìbejì Ìgbómìnà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nínú àpótí onígíláàsì. Wọn kò bà jẹ́, eruku kò bà lé wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, kò sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Igi tó dára ni wọ́n lójú ẹni tó ń wò wọ́n. Ìyá tó mọ̀ pé ọmọ ni wọ́n kò sí níbẹ̀.

Ìwé Yorùbá kò gbọdọ̀ bá ọ̀nà yẹn lọ. Ìlá-Ọ̀ràngún ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ ọmọ káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Bí olùkọ́ tó bá jáde níbẹ̀ bá fẹ́ràn Lápàdé, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà yóò fẹ́ràn rẹ̀. Bí bàbá àgbà bá ṣì rántí bí Akàrà-ògùn ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn iwin, kó pe àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó ní ìrọ̀lẹ́, kó sọ ọ́ fún wọn, kó sì fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ bó bá ṣì wà nílé. Òǹkọ̀wé ti ṣe tirẹ̀: ó bí ọmọ, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ó kù sọ́wọ́ àwa tó wà nílé láti ṣílẹ̀kùn fún un.